KÒ SẸ́NI TÓ LÈ TA KỌ̀ǸPÚTÀ LÁYÒ MỌ́: Ohun tójú Kasparov rí, àti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ará Súrùlérè

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe ń rí lára ọ̀gá tí wọ́n nà níwájú àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀, Garry Kasparov ni kó lọ bá. Láti ọdún 1985 lọkùnrin náà ti gba adé àgbáyé nínú ayò tí àwọn òyìnbó ń pè ní ṣẹ́ẹ̀sì, ọmọ ọdún méjìlélógún péré ni nígbà yẹn, ẹni tó bá sì gbọ́ pé òun ni wọ́n fẹ́ jọ ta, àyà ẹ̀ á ti já kó tó jókòó. Ó lé lọ́dún mọ́kànlá tó fi wà lókè téńté. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 11, oṣù karùn-ún, ọdún 1997, nílùú New York, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ńṣe ló dìde nídìí ayò bí ẹni tí wọ́n já àpò ẹ̀ gbà nínú mọ́lúè. Ìgbà mọ́kàndínlógún péré ni wọ́n tíì sún ọmọ ayò tó fi gbà pé òun ti kú. Ẹni tó sì ta á kì í ṣe èèyàn bíi tiẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni. Deep Blue lorúkọ ẹ̀, iléeṣẹ́ IBM ló ṣe é.

Ẹ rántí ọdún náà dáadáa. Abacha ló wà lórí àlééfà níbí, àwọn èèyàn ń tò sílé epo títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ẹni tó bá sì ní tẹlifóònù NITEL nílé ní Súrùlérè, gbogbo àdúgbò ló ń bá a lò ó. Ta ló ráyè ọ̀rọ̀ pé ẹ̀rọ kan na òyìnbó kan nídìí ayò? Àwọn tó tiẹ̀ gbọ́ fi rẹ́rìn-ín lásán ni, wọ́n ní àìríṣẹ́ṣe àwọn òyìnbó ló ń dà wọ́n láàmú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ṣì ń bọ̀ wá wọ àpò ṣòkòtò tólórí tẹlẹ́mù.

Ó sì ti wọ̀ ọ́ báyìí o. Ọmọ iléèwé tó wọ dáńfó ní Ojúẹlẹ́gbà, tó ń lọ sí Yàbá, bó bá ti gbé ètò kan tí wọ́n ń pè ní Stockfish sórí fóònù ẹ̀, ohun tó mú dání yẹn lè na Kasparov tìgbà tó le jù lọ, ó sì lè na Magnus Carlsen, ọmọ ilẹ̀ Norway, tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òun lèèyàn tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta jù látọjọ́ táláyé ti dáyé. Ọ̀fẹ́ ni Stockfish ọ̀hún, wọn kì í tà á. Máàkì tó ga jù tí Carlsen gbà rí ni 2,882, ní oṣù karùn-ún, ọdún 2014, kò sì séèyàn kankan tó tíì gba iye bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ẹ̀rọ ní tiwọn, nínú ìwé máàkì tí wọ́n ṣe fún wọn lọ́tọ̀, ti kọjá 3,500. Lóòótọ́, ìwé méjèèjì kò dọ́gba pátápátá, èèyàn ò lè fi ọ̀kan yọ èkejì bíi ìṣirò ọjà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ka máàkì náà ni pé, bí ẹnì kan bá fi 400 ju ẹnìkejì ẹ̀ lọ, ẹni tó kéré ò lè retí ju ayò kan lọ nínú mọ́kànlá. Ẹni tí wọ́n bá fi bíi 700 jù ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi mọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti ṣẹ́ẹ̀sì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Lọ́dún 1770, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wolfgang von Kempelen gbé àpótí ńlá kan wá síwájú ọbabìnrin Maria Theresa ní Vienna. Ère ọkùnrin kan tó wé láwàní bíi ará Tọ́kì ló wà nídìí àpótí náà, pátákó ṣẹ́ẹ̀sì sì wà níwájú ẹ̀. Ère yìí á nawọ́, á sún ọmọ ayò, á sì ta àwọn èèyàn ńláńlá mọ́lẹ̀. Ẹnu ya gbogbo ayé. Wọ́n gbé e kiri ìlú òyìnbó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, àṣé èèyàn ló wà nínú àpótí! Ọ̀ta kan ni wọ́n máa ń kì mọ́nú ẹ̀, á tanná àbẹ́là sínú òkùnkùn, á sì máa ti inú lọ́hùn-ún darí ọwọ́ ère. Iná ló jó àpótí náà di eérú nílùú Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1854. Ẹ má gbàgbé Philadelphia yẹn o.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà gidi wá dé, tẹ́tẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ ta. Lọ́dún 1968, David Levy, tó jẹ́ ọ̀gá nínú ṣẹ́ẹ̀sì ní Scotland, bá àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà jiyàn pé títí ọdún mẹ́wàá, kò ní sí ẹ̀rọ tó máa ta òun. Owó tẹ́tẹ́ náà ń pọ̀ sí i títí tó fi di 1,250 pọ́n-ùn. Nígbà tó di ọdún 1978, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó dáa jù lásìkò náà jáde sí i ní Toronto, Levy nà án, ó sì gbowó ẹ̀. Ká ní ó mọ̀ ni, ì bá ti fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ náà. Nítorí lọ́dún 1989, òun àti Deep Thought, ẹ̀rọ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Deep Blue, tún pàdé, ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ta ayò, ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì fi jẹ òpè. Kò rí ọ̀mì kan ṣoṣo gbà.

Ìgbà tó wá yá ló kan Kasparov. Ní Philadelphia tí iná ti jó àpótí onílàwàní yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé, lọ́jọ́ 10, oṣù kejì, ọdún 1996. Deep Blue na Kasparov nínú ayò àkọ́kọ́, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí ẹ̀rọ máa ta ẹni tó ní adé lórí, nígbà tí wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan láyè tó pọ̀ tó láti ronú. Àmọ́ Kasparov kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń nà tó ń dákẹ́. Ó para dà, ó fi mẹ́rin sí méjì borí ẹ̀rọ náà, gbogbo èèyàn sì mí kanlẹ̀. Lọ́dún kejì, tí wọ́n tún pàdé ní New York, Kasparov ló gba ayò àkọ́kọ́, ẹ̀rọ gba èkejì, wọ́n ta ọ̀mì mẹ́ta léra wọn, ẹ̀rọ wá gba ìkẹfà tó kẹ́yìn. Mẹ́ta àtààbọ̀ sí méjì àtààbọ̀. 700,000 dọ́là lowó ẹni tó borí, 400,000 dọ́là ni ti Kasparov.

Kì í ṣe owó ló dun ọkùnrin yìí. Ohun tó dùn ún ni ayò kejì. Ẹ̀rọ náà ta ọgbọ́n kan tí kò jọ ti ẹ̀rọ, Kasparov sì gbà pé òun ti kú, ó dìde. Lẹ́yìn náà làwọn èèyàn jókòó yẹ ayò náà wò, wọ́n rí i pé kò tíì kú, ọ̀nà ọ̀mì ṣì wà níbẹ̀! Ọ̀gá pátápátá fi ara ẹ̀ sin kó tó kú, nítorí ó ti gbà lọ́kàn pé ẹni tó wà níwájú òun ò lè ṣàṣìṣe. Nígbà tínú bí i, ó ní àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé èèyàn ló ń ti ẹ̀yìn ran ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ àpótí Vienna ló tún padà wá yẹn? Ó ní kí wọ́n kó ìwé ohun tí ẹ̀rọ náà rò jáde, IBM ò kọ́kọ́ dáhùn, ìgbà tó yá ni wọ́n tó gbé e síta. Ó ní kí wọ́n jẹ́ káwọn tún un ta, wọ́n ní ó tì. Wọ́n tú Deep Blue palẹ̀, apá kan ẹ̀ wà nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Washington títí dòní. Ogún ọdún gbáko kọjá kí Kasparov tó kọ ìwé lórí ẹ̀, lọ́dún 2017. Ó ti fi ẹ̀rọ tuntun tún gbogbo ayò náà yẹ̀ wò, ó sì wá sọ pé ọ̀wọ̀ tóun ní fún àwọn tó ṣe Deep Blue ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ ayò tóun fúnra òun ta lọ́jọ́ náà ò dáa tó bóun ṣe rò.

Báwo wá ni irin àti wáyà ṣe ń ta ayò? Ẹni tó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n ta ti mọ ìdajì ìdáhùn. Kí ọ̀ta tó kó ọmọ ayò lójú kan, á ti fojú kà á: bóun bá kó tibí, ibo ló máa parí sí, kí lẹnìkejì máa fi dáhùn, kí lòun náà máa wá ṣe sí i. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe náà nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Deep Blue, tó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, ń yẹ nǹkan bíi igba mílíọ̀nù (200,000,000) ọ̀nà wò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èèyàn tó ní ọpọlọ pípé, mélòó ló máa yẹ̀ wò? Ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì kì í ka gbogbo ẹ̀, ojú ló fi ń mọ èyí tó yẹ ní kíkà, bí ìyá olóúnjẹ ṣe ń mọ̀ pé iyọ̀ ti tó láìtọ́ ọ wò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú yẹn ló gba èèyàn lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ìgbà tó yá, ojú ò tó mọ́.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ sí Vladimir Kramnik lọ́dún 2006 ló ṣeni láàánú jù. Òun ló ní adé àgbáyé nígbà yẹn. Wọ́n gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ètò kan tó ń jẹ́ Deep Fritz nílùú Bonn, ní Jámánì. Nínú ayò kejì, Kramnik jókòó, ó ronú dáadáa, ó sún ọmọ ayò ẹ̀, àṣé ẹ̀rọ náà ti múra láti pa ọba ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì rí i! Ohun tí ọmọ kékeré tó ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì fún oṣù mẹ́ta máa rí, ọba ayò ò rí i. Kì í ṣe pé ó gọ̀. Èèyàn ni. Ó ń rẹ èèyàn, ojú èèyàn ń fò ó. Ẹ̀rọ ò ní onílé tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ọmọ ẹ̀ ò ṣàìsàn, kò sùn láìjẹun mọ́jú. Mẹ́rin sí méjì ni Deep Fritz fi borí. Látìgbà náà ni irú ìjà bẹ́ẹ̀ láàárín ẹni tó ní adé àti ẹ̀rọ ti lọ sílẹ̀. Nígbà tí Hikaru Nakamura, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n ta jù láyé, bá ètò Komodo ta lọ́dún 2016, ńṣe ni wọ́n fún Nakamura láǹfààní kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ayò kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bá ń fún àbúrò níwájú níbi eré ìje. Komodo ṣì borí.

Nígbà yẹn, fóònù ti wọ̀ ọ́. Lọ́dún 2009, ní Buenos Aires, wọ́n fi ètò Pocket Fritz sórí fóònù kékeré kan, wọ́n fi sínú ìdíje pẹ̀lú àwọn èèyàn gidi. Ayò mẹ́wàá ni wọ́n ta, mẹ́sàn-án àtààbọ̀ ni fóònù gbà. Nígbà tó sì di oṣù kejìlá, ọdún 2017, iléeṣẹ́ DeepMind ní London gbé AlphaZero jáde. Èyí ò kọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ èèyàn. Òfin ayò nìkan ni wọ́n fi hàn án, ó jókòó, ó ń bá ara ẹ̀ ta, kò sì pé ọjọ́ kan tó fi bá Stockfish fìjà pẹẹ́ta. Ọgọ́rùn-ún ayò ni wọ́n ta, AlphaZero gba 28, wọ́n ta ọ̀mì 72, kò sì pàdánù ẹyọ kan.

Ẹni tó bá rò pé ti òyìnbó nìyẹn, pé ayò ilẹ̀ Yorùbá ṣòro fún wọn, kó rọra. Ọmọ ìyá kan náà ni ayò ọlọ́pọ́n àti oware àwọn ará Gáná, ojú méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, òfin ló yàtọ̀ díẹ̀. Lọ́dún 2002, àwọn onímọ̀ méjì ní yunifásítì kan nílùú Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, lo kọ̀ǹpútà tó ní ọpọlọ 144. Láàárín wákàtí 51, ẹ̀rọ náà ti ka gbogbo bí ayò ọ̀hún ṣe lè rí tán, látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo ẹ̀ sì lé ní bílíọ̀nù 889. Ìdáhùn tó wá ni pé, bí ẹni méjì ò bá ṣàṣìṣe rárá, ọ̀mì ni ayò náà máa já sí. Ó tán. Ṣẹ́ẹ̀sì fúnra ẹ̀, ẹ̀rọ ò tíì kà á tán bẹ́ẹ̀, ó ṣì tóbi jù. Ti ayò wọ́n ti kà tán.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ní, kí ló kan òun níbẹ̀? Ẹ gbọ́ ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya kan ní Súrùlérè. Ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló mú ìwé wálé pé wọ́n ti ń kọ́ àwọn ní ṣẹ́ẹ̀sì níléèwé, kí àwọn òbí wá sanwó táàmù kan. Bàbá ka ìwé náà tán, ó jù ú sórí tábìlì. Ó ní, "Mọ́mì, wọ́n fẹ́ lù wá ní jìbìtì ni. Ohun tí fóònù tó wà lọ́wọ́ mi yìí mọ̀ ju tíṣà tó fẹ́ kọ́ ọ lọ, kí ló tún fẹ́ kọ́ níbẹ̀?" Ìyàwó ẹ̀ ò gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Dádì, kàkùlétọ̀ ti wà nílé yìí kí n tó bí i. Ẹ ò ṣe ní kó má kọ́ ìṣirò mọ́?"

Bàbá ò rí èsì fọ̀, ló bá bínú. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún di ariwo, ó di pé ọkọ ò jẹ́ oúnjẹ alẹ́. Ìyàwó ló mọ ibi tó ti ń dun ọkọ ẹ̀. Iléeṣẹ́ tí bàbá yìí ti ń ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlógún, lẹ́tà ló máa ń bá wọn kọ sáwọn oníbàárà. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé ètò kọ̀ǹpútà kan wọlé tó ń kọ lẹ́tà náà fúnra ẹ̀, tó ń dáhùn ìbéèrè, tí kì í sọ pé gó-sílóò mú òun lẹ́nu iṣẹ́ pẹ́ ní Bárákì. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń jókòó nínú ọ́fíìsì kan náà ti gba ìwé gbélé ẹ. Òun nìkan ló kù. Kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀sì lọkùnrin náà ń bá jà nínú pálọ̀ ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyàwó ẹ̀ yọ owó náà nínú èsúsú ẹ̀, ó san án, kò sì sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀sì tu irú bàbá bẹ́ẹ̀ nínú máa ń sọ pé, má bẹ̀rù, èèyàn àti ẹ̀rọ tí wọ́n bá jọ pawọ́ pọ̀ ló máa lágbára jù. Wọn ò kúkú parọ́ ẹ̀ nígbà kan. Lọ́dún 2005, wọ́n ṣe ìdíje kan tí wọ́n gbà kí olúkúlùkù lo kọ̀ǹpútà tó bá fẹ́. Àwọn ọ̀gá ńláńlá wá síbẹ̀, àmọ́ àwọn tó gba ipò kìíní ni ọmọ Amẹ́ríkà méjì kan tí wọn ò tiẹ̀ kì í ṣe ọ̀gá, kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n kàn mọ̀ ọ́n lò ju àwọn tó kù lọ ni. Kasparov fúnra ẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ṣàpẹẹrẹ gan-an. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀. Ẹ̀rọ ti wá le débi pé nídìí ṣẹ́ẹ̀sì, èèyàn tó bá jókòó tì í tó ń bá a dá sí i, ó lè jẹ́ pé ńṣe ló ń bà á jẹ́. Ìtùnú tó ti gbó ni wọ́n ṣì ń tà káàkiri.

Òmíràn tún wà tí wọ́n máa ń sọ. Wọ́n ní dáńfó ń sáré ju èèyàn lọ, síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń wo eré ìje. Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún dáńfó nítorí pé ó yára. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ṣẹ́ẹ̀sì: Carlsen ò tíì ta ẹ̀rọ, síbẹ̀ àwọn èèyàn tó ń wo ayò ẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó wo ti Kasparov láyé ìgbà tí èèyàn ṣì jẹ́ ọba. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi òwe náà débi tó parí sí. Dáńfó ò dí ẹni tó ń sáré fún ife ẹ̀yẹ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ló ṣe fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ ru ẹrù láti ìlú kan dé òmíràn gbowó? Wọ́n dà?

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹni tó lọ wo ṣẹ́ẹ̀sì, èèyàn ló lọ wò: ó fẹ́ rí i bí òógùn ṣe ń bọ́ lójú ẹ̀, bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, bó ṣe bọ́ nínú ewu. Ẹni tó ń gba lẹ́tà iléeṣẹ́, kò fẹ́ mọ ẹni tó kọ ọ́, ohun tó wà nínú ẹ̀ nìkan ló fẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù nílùú Èkó lónìí, kì í ṣe bóyá ẹ̀rọ mọ iṣẹ́ ẹ̀ jù ú lọ ló yẹ kó bi ara ẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ohun tó yẹ kó bi ara ẹ̀ ni pé: àwọn tó ń sanwó fún mi, ṣé èmi ni wọ́n ń wá wá, àbí ohun tó ń tọwọ́ mi jáde? Obìnrin tó ń dá irun ní Tẹ́júọ́ṣó, tí oníbàárà ẹ̀ máa ń jókòó tì fún wákàtí mẹ́ta tí wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀ ilé ọkọ, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń tẹ̀wé lẹ́yìn gíláàsì. Ìdáhùn náà lè má dùn. Ó sàn kéèyàn tètè mọ̀ ọ́n ju kó fara ẹ̀ sin kó tó kú lọ, bíi ti Kasparov nínú ayò kejì.

Fún ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn ńkọ́? Ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ gbé wá fún irú ẹ̀. Láyé àtijọ́, ọmọ Rọ́ṣíà ló ń rí olùkọ́ àgbà àti ìwé kún ilé, ọmọ Makoko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yàbá, lórí omi, kò rí nǹkan kan. Lónìí, bí fóònù, dátà àti iná bá ti wà, olùkọ́ tó ń fi àṣìṣe Carlsen hàn án náà ló ń fi tọmọ Makoko hàn án. Ẹ ṣàkíyèsí "bí" yẹn o, nítorí òun ni odi tó ṣì dúró. Àti pé ẹ̀rọ á sọ fún ọmọ pé ibí ló ti ṣì í, kò ní sọ fún un pé kó má sunkún. Èèyàn ló ń ṣe ìyẹn. Túndé Ọ̀nàkọ̀yà, tó kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gẹrun ní Ìkòròdú, tó sì ta á fún Yaba College of Technology nígbà tó ń kàwé níbẹ̀, ló dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ lọ́dún 2018, tó ń kọ́ àwọn ọmọ Makoko àtàwọn tó ń sùn lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ọdún 2024, ó jókòó sí Times Square ní New York, níbi tí kò jìnnà sí ibi tí Kasparov ti jìyà, òun àti Shawn Martinez fi ọgọ́ta wákàtí ta ṣẹ́ẹ̀sì láìsùn, láti fi wá owó ẹ̀kọ́ fáwọn ọmọ Áfíríkà. Lọ́dún 2025, wọ́n tún jókòó, wọ́n ta á fún wákàtí 64. Kọ̀ǹpútà lè ta ayò fún ọgọ́ta ọdún láìmí. Ta ló máa dúró nínú òtútù, tó máa máa kọrin fún un?

Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ ọlá láìfẹ́ òógùn. Lọ́dún 2015, níbi ìdíje kan ní Dubai, wọ́n ká fóònù mọ́ ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì kan lọ́wọ́ nínú ilé ìtọ̀, ó tọ́jú ẹ̀ síbẹ̀, ó ń sáré lọ bi í léèrè ohun tó máa ta. Wọ́n gba oyè ọ̀gá lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n sì fún un ní ọdún mẹ́ta nílé. Lọ́dún 1770, èèyàn ló sá pamọ́ sínú ẹ̀rọ kí ẹ̀rọ lè jọ ọlọ́gbọ́n. Báyìí, ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbé pamọ́ kí èèyàn lè jọ ọlọ́gbọ́n. Jìbìtì kan náà ni, ẹni tó wà nínú àpótí ló yí padà.

Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, ẹni tó bá borí ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n tà ni òpè, ọ̀ta sì láṣẹ láti bú òpè bó ṣe wù ú: á bú ìlú ẹ̀, á bú fìlà ẹ̀, á ní kó lọ bá àwọn ọmọ ọwọ́ ṣeré, àwọn tó ń wòran á máa rẹ́rìn-ín, òpè náà á sì rẹ́rìn-ín títí tó fi máa ní ká tún un ta. Ẹ̀rọ Amsterdam tó ka ayò tán ò bú ẹnikẹ́ni rí. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun borí. Ẹ gba Muṣin kọjá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ dẹ etí sílẹ̀ níbi tí àwọn àgbààgbà àtàwọn mẹkáníìkì bá ti kóra jọ sídìí ọpọ́n tàbí pátákó dráfù. Ariwo á fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé. Fóònù wà lápò gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó yọ tiẹ̀ síta.